Ẹ Má Tíì Fín In: Bí Ọmọ Iléèwé Dísáìnì Ṣe Lè Kọ́ Àwòrán Yíyà

Ọdún tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́ ní Àkúrẹ́ níbí, mo ya kọ́bọ́ọ̀dù kan fún ìyá kan tó ń ta oúnjẹ. Wákàtí mẹ́ta gbáko ni mo fi ya ara pákó, gbogbo ìlà inú igi ni mo tọpasẹ̀, mo fi pẹ́ńsù kùn ún títí tó fi ń dán. Mo gbé e lọ bá bàbá káfíńtà tó fẹ́ bá wa kàn án. Bàbá gbé ìwé náà sókè, wọ́n ní, "Ó mà dára o, ọmọ mi. Àmọ́ níbo ni kí n ti wọ̀n ọ́n?" Mo sọ gíga rẹ̀ fún wọn, mo sọ fífẹ̀ rẹ̀. Bí yóò ṣe jìn wọ inú tó, n kò yà á, n kò kọ ọ́, ọkàn mi kò tilẹ̀ lọ síbẹ̀. Bàbá ṣe é ní íǹṣì 12, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe kọ́bọ́ọ̀dù ìwé. Kúlà ìrẹsì tí ìyá olóúnjẹ fẹ́ máa gbé síbẹ̀ lé ní íǹṣì 18. Nígbà tí wọ́n gbé e sórí pẹpẹ, ìdí rẹ̀ yọ síta, kò lè dúró. A tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, a ra pákó mìíràn, àpò mi ni owó rẹ̀ sì ti jáde.

Ẹ̀bi mi ni. Bàbá kò ṣẹ̀ mí. Mo ti ń fín iṣẹ́ tí n kò tíì lé.

Àwọn agbẹ́gilére wa ló ni ọ̀rọ̀ yẹn. Ìpele mẹ́rin ni iṣẹ́ wọn máa ń gbà kọjá: ọnà lílé, àlétúnlé, dídán, fínfín. Nígbà tí wọ́n bá ń lé ọnà, ìtì igi ni wọ́n ń gé sí ibi ńláńlá: ibi tí orí máa wà, ibi tí àyà máa wà, ibi tí ẹsẹ̀ máa wà. Ojú kò sí níbẹ̀, imú kò sí níbẹ̀. Ní àlétúnlé, wọ́n á pín àwọn ibi ńláńlá yẹn sí kéékèèké, etí á yọ, apá á ya kúrò lára ìhà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá dán an. Ìgbẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n á tó fín irun, ilà ojú àti ìlẹ̀kẹ̀. Kò sí agbẹ́gilére tí í fín ìpéǹpéjú sára igi tí kò tíì ní orí. Ohun tí èmi ń ṣe nínú ìwé nígbà náà nìyẹn, òun náà ni mo sì ń rí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń wá sọ́dọ̀ mi láti FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́ níbí, yálà Industrial Design ni wọ́n ń kà tàbí Architecture. Wọ́n mọ bí a ṣe ń kun àga kó dán. Àga tí wọ́n kùn náà ni kò lè dúró.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ojú ara yín rí i, ẹ wá fọ́tò ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì gbẹ́. Ìkẹ́rẹ́ kò jìnnà sí wa. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ síbi ìpàtẹ ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1924, British Museum ló sì wà títí di òní. Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, jókòó lápá kan, òyìnbó aṣojú ìjọba wà lápá kejì tí àwọn ènìyàn gbé e rù. Ẹ ṣẹ́jú pẹ̀lẹ́, kí ojú yín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé, kí ẹ tún wò ó. Gbogbo fínfín á pòórá, ṣùgbọ́n ẹ ó ṣì mọ ẹni tó jókòó, ẹ ó sì mọ ẹni tí wọ́n gbé. Lílé rẹ̀ ló dúró bẹ́ẹ̀. Mo máa ń ní kí àwọn ọmọ tó bá wà lọ́dọ̀ mi fi iṣẹ́ tiwọn náà sí ara ògiri, kí wọ́n rìn sẹ́yìn, kí wọ́n ṣẹ́jú bẹ́ẹ̀ wò ó.

Ohun tí ẹ máa rà

Kò pọ̀ rárá. Bírò dúdú méjì, pẹ́ńsù 2B kan, rúlà, àti ríìmù bébà A4 kan. Ewé 500 ló wà nínú ríìmù. Bí ẹ bá ń lo márùn-ún lójúmọ́, ó lé ní oṣù mẹ́ta kó tó tán. Àwọn kan máa ń lọ ra páálí pẹ́ńsù oníméjìlá lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọn kì í sì í lò ju méjì lọ nínú rẹ̀. Ohun tí ẹ nílò láti mọ̀ ni pé lẹ́tà H túmọ̀ sí líle, B túmọ̀ sí dúdú. Ohun tó wà nínú pẹ́ńsù, graphite, ohun dúdú tó ń kọ̀wé yẹn, ni wọ́n pò mọ́ amọ̀. Nicolas-Jacques Conté, ará Faransé, ló gbé irú àpòpọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde ní 1795. Bí amọ̀ bá pọ̀, pẹ́ńsù á le, á máa ha bébà. Bí graphite bá pọ̀, á rọ̀, á dúdú, á sì máa yí mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́. 2B wà láàárín, ó tó.

Kílínà ńkọ́? Ẹ gbé e pamọ́ fún oṣù kan. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn bírò ju pẹ́ńsù lọ fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ nìyẹn: bírò kò ṣe é pa rẹ́, nítorí náà ènìyàn á wo nǹkan dáadáa kó tó fa ìlà. Bí ìlà bá wọ́, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ fa èyí tó tọ́ lé e lórí. Ìlà tó wọ́ yẹn á fi bí ẹ ṣe ṣìnà hàn yín. Ẹni tó bá ń pa á rẹ́ kò ní rí i kà.

Ẹ má sì ya fọ́tò inú fóònù. Mo mọ̀ pé ó rọrùn. Ẹ lè jókòó sórí ibùsùn kí ẹ máa wo àga aláràbarà láti Ítálì. Ṣùgbọ́n fóònù ti tẹ nǹkan ọ̀hún pẹlẹbẹ kó tó dé ọwọ́ yín, kò ní ẹ̀yìn mọ́, ẹ kò lè yí i ká, ẹ kò lè fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe kan ẹsẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó fẹ́ ṣe nǹkan fún èèyàn lò gbọ́dọ̀ mọ ẹ̀yìn rẹ̀.

Lílé

Àpótí ni mo máa ń kọ́kọ́ gbé síwájú ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àpótí ìdáná gan-an, èyí tí àwọn ìyá wa ń jókòó lé nídìí ààrò. Kò sí ohun téèyàn ń ṣe tí kò ní àpótí tó lè wọ inú rẹ̀. Fíríìjì, àpótí ni. Mọ́tò, àpótí kékeré lórí àpótí ńlá ni. Bàtà, àpótí gbọọrọ tí iwájú rẹ̀ da gẹ̀rẹ́ ni. Ẹni tó bá lè ya àpótí ní gbogbo ìhà tó bá kọ sí, iṣẹ́ rẹ̀ ti kúrò nílẹ̀.

Láti mọ bí ẹ̀gbẹ́ àpótí ṣe ń kéré bó ṣe ń jìn, ẹ kọ́kọ́ jáde nílé. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí ọkọ̀ tó pọ̀, ẹ lọ sí títì Ọba Adésídà níbi tó ti lọ tààrà, kí ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ níbi tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà. Ẹ wo ọ̀ọ́kán. Etí títì lọ́tùn-ún, etí títì lósì, wáyà iná lókè, páànù orí ṣọ́ọ̀bù: gbogbo wọn ń sáré lọ pàdé níbì kan. Ẹ na bírò síwájú ojú yín ní ìbú, ẹ ó rí i pé ibi ìpàdé náà bá ojú yín dọ́gba. Ẹ wá lóṣòó. Ibi ìpàdé yẹn á bá yín lóṣòó. Ìlà tó bá ojú dọ́gba yìí ni mo ń pè ní ìlà ojú, òun sì ni ìlà àkọ́kọ́ tó yẹ kó wà lórí bébà yín nígbàkígbà. Ohun tó bá ga ju ojú lọ, ìlà rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lọ síbẹ̀. Ohun tó bá rẹlẹ̀ ju ojú lọ, ìlà rẹ̀ ń gòkè lọ síbẹ̀.

Aina Onabolu, tí wọ́n bí ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́dún 1882, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé ẹ̀kọ́ àwòrán wọ iléèwé nílẹ̀ wa. Ó tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ ibi ìpàdé yìí títí àwọn ọmọ iléèwé ní Èkó fi sọ ọ́ ní Mr. Perspective. Mo fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ọmọ, nítorí àwọn òyìnbó kan nígbà ayé rẹ̀ gbà pé aláwọ̀ dúdú kò lè ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Ó yà á, ó sì fi kọ́ ẹlòmíràn.

Ẹ padà sórí àpótí wa. Bí igun rẹ̀ bá kọ sí yín, ibi ìpàdé rẹ̀ á di méjì lórí ìlà ojú, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ẹ má fi méjèèjì sórí ewé kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá sún mọ́ra jù, igun àpótí á yọ ṣónṣó bí ẹnu ẹyẹ, kò sì ní jọ ohun tí èèyàn lè jókòó lé. Èmi máa ń fi sẹ́lótéèpù lẹ bébà mẹ́ta pọ̀ ní ìbú, n óò ya àpótí sí ti àárín, ibi ìpàdé á wà ní etí àwọn méjì yòókù. Kí ẹ sì ya ẹ̀yìn rẹ̀ tí ẹ kò rí pẹ̀lú, bíi pé gíláàsì ni wọ́n fi ṣe é. Ibẹ̀ ni jíjìn wọ inú tí mo gbàgbé nínú kọ́bọ́ọ̀dù wà.

Ní ti ọwọ́, èjìká ni kí ìlà gígùn ti wá. Ọrùn ọwọ́ kúrú, ìlà tó bá ti ibẹ̀ wá á ká bí ẹsẹ̀ àkùkọ. Ẹ gbé bírò sókè díẹ̀, kí ẹ fa ìlà náà lójú òfuurufú lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ tó jẹ́ kó kan bébà, kí ẹ sì fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ewé kan lójúmọ́ fún irú ìlà bẹ́ẹ̀ nìkan. Ó máa ń sú àwọn ọmọ, mo sì ń rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n fara dà á fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Kóńgò ló tẹ̀ lé àpótí. Bí ẹ kò bá ní tiyín, ẹ yá ti ẹni tó ń ta gàrí lálẹ́ nígbà tó bá ti palẹ̀ mọ́. Ẹ gbé e dání kí ẹnu rẹ̀ bá ojú yín dọ́gba: ẹnu rẹ̀ di ìlà tín-ínrín kan. Ẹ rọra máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Níwájú àgbọ̀n, ó ti là díẹ̀ bí ojú ẹni tó ń tòògbé. Níwájú ìdodo, ó ti fẹ̀ bí ẹyin. Nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ yín, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di òbìrìkìtì. Ó túmọ̀ sí pé nínú kóńgò kan náà tó wà lórí tábìlì, ìdí rẹ̀ jìnnà sí ìlà ojú ju ẹnu rẹ̀ lọ, nítorí náà ìdí gbọ́dọ̀ là ju ẹnu lọ. Mẹ́jọ nínú ọmọ mẹ́wàá tí mo bá fún ní kóńgò ló ń ya ìdí rẹ̀ ní tààrà bí ìlà rúlà. Wọ́n mọ̀ pé tábìlì tẹ́jú, wọ́n wá fi ohun tí wọ́n mọ̀ yà á. Ojú wọn ò tíì bá wọn dá sí i.

Ẹ má jẹ́ kí etí méjèèjì ẹnu kóńgò ṣe ṣóńṣó bí orí ọkọ̀ ojú omi. Ó gbọ́dọ̀ ṣẹ́rí padà pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Bí kóńgò bá sì wó lulẹ̀, ẹ fa ìlà kan gba àárín gbùngbùn rẹ̀ láti ìdí dé ẹnu. Ibi tó kúrú jù nínú òbìrìkìtì tó pẹlẹbẹ náà gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ sórí ìlà yẹn. Èyí nìkan ni àṣírí táyà, odó, ìkòkò àti ẹ̀rọ ìlọta.

Àlétúnlé

Ní àsìkò kòkó, mo máa ń tọrọ èso kan tàbí méjì lọ́wọ́ àwọn tó bá ń bọ̀ láti ọ̀nà Ìdànrè. Kò sí olùkọ́ tó dà bí èso kòkó. Lílé rẹ̀ rọrùn, bí ẹyin gígùn ni, ṣùgbọ́n ilà wà lára rẹ̀ láti ìdí dé ṣóńṣó orí, mẹ́wàá ló sábà máa ń jẹ́, ilà yẹn ló sì máa sọ fún ojú pé nǹkan ọ̀hún yípo.

Ọmọ kan ya tiẹ̀ tán, ó gbé e wá. Ó jọ ẹní tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀.

"Mélòó ni ilà tó o yà?"

"Mẹ́wàá ni, Àǹtí. Mo kà wọ́n, wọ́n pé."

"Láti ibi tó o jókòó sí, mélòó lo rí?"

Ó nawọ́ kó tún èso náà yí. Mo ní kó má fọwọ́ kàn án, kó fi ojú kà á. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Márùn-ún, ma. Ìkẹfà ń yọjú ní ẹ̀gbẹ́."

Ó tún un yà. Lọ́tẹ̀ yìí, ilà tó wà láàárín fẹ̀ síra wọn, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sì ń fún mọ́ra títí wọ́n fi wọ kọ̀rọ̀ lọ. Kòkó náà wú jáde lórí bébà. Kò tíì kun nǹkan kan, kò sí òjìji, ilà lásán ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ máa ṣe sí ohun gbogbo: nígbà tí ẹ bá ti lé e tán, ẹ fa ìlà bí ẹni tó ń fi okùn wé e, kí okùn náà gun òkè níbi tó bá ti wú, kó wọ ihò níbi tó bá ti jìn.

Búúta ni mo fi ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń wo ihò. Ààyè tó wà láàárín ọwọ́ búúta àti ara rẹ̀ ní ìrísí tirẹ̀. Ẹ ya ààyè yẹn, kí ẹ gbàgbé búúta. Ọwọ́ á bọ́ sípò rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹsẹ̀ àga náà bẹ́ẹ̀: ààyè tó wà láàárín ẹsẹ̀ ni kí ẹ yà.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí apá kan ṣe tóbi ju èkejì lọ, ẹ na ọwọ́ síwájú tán, kí ìgbọ̀nwọ́ má ká, ẹ di ojú kan, kí ẹ fi àtàǹpàkò wọn nǹkan náà lára pẹ́ńsù. Bí ìgbọ̀nwọ́ bá ká, ìwọ̀n ti bàjẹ́. Lọ́nà yìí ẹ ó rí i pé gíga àgbàlagbà jẹ́ nǹkan bí orí méje àbọ̀. Àwọn agbẹ́gilére wa kì í tẹ̀ lé èyí. Nínú ère wọn, orí sábà máa ń jẹ́ bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ara, nítorí orí ni wọ́n ń gbé ga. Èyí tó bá wù yín lẹ lè lò bí ẹ bá ń ya àwòrán sínú ìwé ìtàn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń ya àga tí èèyàn máa jókòó lé, ìwọ̀n ara gidi ni kí ẹ lò. Gíga ibi ìjókòó àga máa ń wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 45, ti tábìlì bíi 75. Ẹ ya ènìyàn kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ẹ bá ṣe, kódà kó jẹ́ igi lásán tó ní orí. Ẹni tó ń wò ó á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ bóyá àpótí ìdáná ni tàbí ilé.

Ẹ lọ yà á níbi tí wọ́n ti ń lò ó

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù láti yàn fún àwọn ọmọ ni pé kí wọ́n lọ jókòó síbi tí wọ́n ti ń yan gàrí. Kí wọ́n ya ìyá tó ń yan án, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mẹfà, ní ìpele mẹ́fà iṣẹ́ náà: bó ṣe ń ku ìyẹ̀fun sínú agbada, bó ṣe ń fi igbá fà á mọ́ra, bó ṣe ń tì í padà, bó ṣe ń yí ojú kúrò nínú èéfín, bó ṣe ń na ẹ̀yìn, bó ṣe ń kó o. Ìṣẹ́jú méjì fún ìkọ̀ọ̀kan, bírò, láìgbé ọwọ́ sókè jù. Ènìyàn tó ń ṣiṣẹ́ kì í dúró de ayàwòrán, nítorí náà ìlà ẹ̀yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, láti orí dé ìdí, apá á tẹ̀ lé e. Ọmọbìnrin kan ti fẹ́ ṣe agbada tuntun kó tó débẹ̀. Nígbà tó ya àwòrán mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tán, ó rí i pé nínú mẹ́rin ìyá náà yí ojú sápá kan. Èéfín ló yẹ kó wá ibi gbé e gbà. Kò sí ẹni tó sọ fún un, àwòrán ọwọ́ rẹ̀ ló fi hàn án.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kí wọn kí ẹ tó yọ bírò. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ma. Iṣẹ́ iléèwé wa ni, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè jókòó síbí kí n ya bí ẹ ṣe ń ṣe é?" Bí ó bá jẹ́ Ọjà Ọba lẹ wà, ẹ kọ́kọ́ ra nǹkan lọ́wọ́ wọn, kí ẹ má sì dí ojú àtẹ. Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ fi ìwé náà hàn wọ́n. Wọ́n á tún un ṣe fún yín: "Ọwọ́ mi kì í wà níbẹ̀ yẹn." Kò sí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n jù wọ́n lọ.

Ìgbà tí ẹ bá padà sílé ni kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ohun tuntun. Ẹ gbé páálí ìṣáná lé bébà, kí ẹ fi bírò yí i ká lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lórí ewé kejì. Ojú fèrèsé 20 nìyẹn. Ẹ fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kún un, èrò kan sínú ìkọ̀ọ̀kan. Ààyè páálí ìṣáná kò gba fínfín, ìdí tí mo fi yàn án nìyẹn. Márùn-ún àkọ́kọ́ á jọ ohun tí ẹ ti rí rí. Láti bíi ìkejìlá ni tiyín á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ.

Dídán àti fínfín

Èyí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí nǹkan láti apá kan ṣoṣo nínú yàrá tó ṣókùnkùn. Ìmọ́lẹ̀ mẹ́ta péré ni kí ẹ yà: ibi tí iná kàn, ẹ fi sílẹ̀ ní funfun; ẹ̀gbẹ́, ẹ fa ìlà tó fọ́nká sí i; ẹ̀yìn, ẹ fa ìlà tó kì sí i. Ìlà tó yí nǹkan ká lóde kó nípọn, ti inú kó tínrín. Ẹni tó bá ti rí òkè Ìdànrè nígbà ọyẹ́ mọ èyí tó kù: òkè tó sún mọ́ wa dúdú, èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣá díẹ̀, èyí tó jìnnà jù fẹ́rẹ̀ẹ́ bá sánmà dọ́gba.

Ní ti fínfín, igun kan tó. Bí àga bá jẹ́ ti pákó, ẹ ya ìlà igi sí ibi tó tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, ojú á mọ ìyókù.

Kọ̀ǹpútà wúlò, mi ò sọ pé kò wúlò. Krita, Inkscape àti Blender tí wọ́n fi ń yàwòrán lórí rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ríìmù àkọ́kọ́ tán ná.

Ìwé tí ẹ máa gbé fún káfíńtà

Àwòrán tó rẹwà tí ẹ ti yà, oníbàárà ni ẹ yà á fún. Ti káfíńtà yàtọ̀. Ojú mẹ́ta ni kó ní: ojú iwájú, ojú ẹ̀gbẹ́, ojú òkè, kí wọ́n wà ní ìlà kan náà, kí etí èyí bá etí ìyẹn dọ́gba. Ẹ lo ìwọ̀n 1:10. Kọ́bọ́ọ̀dù ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 1,830. Lórí bébà ó di 183, A4 sì gbà á. Ẹ kọ mìlímítà, kí ẹ kọ ẹsẹ̀ bàtà àti íǹṣì sábẹ́ rẹ̀, nítorí téèpù tí àwọn bàbá wa fi ń wọ̀n, apá íǹṣì ni wọ́n ń wò. Gíga, fífẹ̀, jíjìn wọ inú: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lẹ́yìn náà, ẹ ya ibi tí pákó méjì ti pàdé sí ẹ̀gbẹ́, ní títóbi tó jẹ́ gan-an, kí ẹ sì ya pákó méjèèjì bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà wọ́n ya kúrò lára wọn, kó hàn bí wọ́n ṣe máa wọnú ara wọn.

Ẹ wá gbé ìwé náà fún káfíńtà, kí ẹ dákẹ́. Ó ṣòro ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹnu á máa yún yín láti ṣàlàyé. Ẹ má ṣàlàyé. Ìbéèrè tí wọ́n bá bi yín, ẹ kọ ọ́ sí etí bébà kí ẹ tó dáhùn rẹ̀, nítorí ohun tí àwòrán yín kò sọ ni. Tí ẹ bá délé, ẹ tún un yà kí ìbéèrè yẹn má baà sí mọ́.

Ọmọ tó ya kòkó lẹ́ẹ̀kan ti ń bá mi gbé ìwé lọ sọ́dọ̀ bàbá káfíńtà mi àtijọ́ báyìí, àwọn kan náà ni, wọ́n ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ gba ìbéèrè mọ́kànlá, etí bébà kún. Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àpótí ìdáná kan tó ní ibi ìfọ̀bẹsí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bàbá gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n na téèpù sórí pákó láìwo ẹnikẹ́ni, wọ́n fi pẹ́ńsù sàmì mẹ́ta. Ìgbà tí wọ́n mú ayùn tán ni wọ́n tó yíjú padà.

"Ìṣó ni mo máa kàn mọ́ ọn ni, àbí gọ́ọ̀mù?"

Ọmọ náà ti ń kọ ọ́ sílẹ̀.